Èsì: Bí Brítéènì ṣe pàdánù tí wọ́n sì gòkè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè ìdí tí Brítéènì fi ń jó lẹ́yìn tí Họ́ngárì nà wọ́n ní Budapest lọ́dún 2018. Máàkì ni. Nínú họ́kì orí yìnyín, ẹni tó bá borí láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú gba 3. Tó bá jẹ́ ọ̀mì títí dé ibẹ̀, ẹni tó padà borí gba 2, ẹni tó pàdánù náà gba 1. Máàkì 1 yẹn gan-an ni Brítéènì ń wá.

Division I Group A ni ìdíje náà, ìpele ìdíje àgbáyé tó wà lábẹ́ ti àwọn ọ̀gá: orílẹ̀-èdè mẹ́fà, méjì gòkè, ẹni ìkẹyìn já sílẹ̀. Họ́ngárì ti ń fi 2-0 síwájú lójú èrò ilé wọn! Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 16 ni Robert Farmer sọ ọ́ di 2-2. Pẹnáritì ni Họ́ngárì fi borí, àmọ́ ipò kìíní ti di ti Brítéènì. Ítálì bá wọn gòkè.

Èmi ò gbà pé oríire lásán ni o. Lọ́dún 2019, ní ìpele àwọn ọ̀gá ní Slovakia, Faransé ti fi 3-0 ṣáájú Brítéènì. Wọ́n lé e bá, wọ́n borí 4-3 ní àfikún àkókò, Faransé ló já sílẹ̀.