Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn kóo tó tan léètì

Àbúrò, o ní o ti ra léètì tòkunbọ̀, maṣíìnì tó ń yí irin kí á lè gé e, o fẹ́ máa ṣe férémù kẹ̀kẹ́ ní Agric níbí ní Ìkòròdú, o wá ń bèèrè bóyá góògù àti ìbọ̀wọ́ aláwọ ti tó, àti ìdí tí páìpù fi ń fò mọ́ ẹ lọ́wọ́ tóo bá ń gé ẹnu ẹ̀ kó lè bá ara páìpù kejì mu. Kú oríire o. Góògù dáa, máa lò ó. Ìbọ̀wọ́ ni kóo bọ́, lónìí lónìí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Odogunyan, ojú mi báyìí ló ṣe nígbà tí chuck, ẹnu léètì tó ń di nǹkan mú tó sì ń yí i, mú orí ìbọ̀wọ́ ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa, ìbọ̀wọ́ yẹn ò já, ìka ẹ̀ méjì ló bá a lọ kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí switch. Òrùka, ṣéènì ọrùn, aṣọ alápá gígùn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kọ́kọ́rọ́ chuck náà ńkọ́, tó bá ti wà lára chuck, ọwọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, tóo bá fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò, yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ páìpù wá ló le jù. Páìpù chromoly tó dáa, ìyẹn irin líle tí wọ́n fi ń ṣe férémù, ẹnu ẹ̀ lè nípọn tó 0.9 mm, àárín ẹ̀ 0.6 péré, tóo bá fún chuck mọ́ ọn á tẹ̀, tóo bá dẹ̀ ẹ́ á bọ́. Fi léètì gbẹ́ irin kékeré tó máa há sínú ẹ̀ dáadáa, tì í bọ inú páìpù kóo tó fún chuck. Tó bá sì yọ gígùn jáde lẹ́yìn maṣíìnì, wá nǹkan gbé e dúró, torí tó bá ń yí kíákíá ó lè tẹ̀ kó máa na gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ bíi pàṣán.

Èyí tó ń fò yẹn, mo fura pé ọwọ́ lo fi ń dì í mú. Kò sọ́wọ́ tó lè dì í mú o jàre. Tóo bá ń gé ẹnu páìpù, hole saw, ìyẹn ayùn roboto tó ń lu ihò, ló máa wà nínú chuck, páìpù á wà lórí carriage, apá léètì tó ń rìn síwájú sẹ́yìn. Wá igi líle, lu ihò tó bá páìpù ẹ mu, 28.6 mm fún ti ìjókòó, là á sí méjì láàrin ihò náà, fi gbá páìpù mú kóo wá fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ carriage, kí àárín ẹ̀ bá àárín chuck dọ́gba gẹ́lẹ́. Fọwọ́ yí chuck lẹ́ẹ̀kan kóo tó tan án, wò ó bóyá ó ń kan nǹkan. Sípíìdì kékeré, bíi 150 sí 200 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú òróró díẹ̀, kí eyín hole saw náà wẹ́, torí eyín ńlá máa ń kọ́ irin tín-ín-rín ni. Ìbẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń kàn, àti ìgbà tó bá fẹ́ yọ lódìkejì, ibi méjèèjì yẹn ni kóo ti rọra tì í jù. Irin tó bá ká jáde, má fọwọ́ fà á, pa maṣíìnì kóo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a.

Ó ku ti iná. Egbin, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná, wà nítòsí wa níbí, síbẹ̀ iná ń lọ ń bọ̀. Tí NEPA bá mú iná tóo gbàgbé láti pa switch, ìgbà tí wọ́n bá mú un dé ni chuck á bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra ẹ̀, ọwọ́ ẹ sì lè wà nínú ẹ̀. Ní kí oníná fi contactor tó ní bọ́tìnnì sí i, tí iná bá lọ á já, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi tóo bá tẹ̀ ẹ́.

Tóo bá ti de páìpù yẹn tán, má tíì tan án, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó.