Ṣé kí n fún ọmọ mi ní ìwé Malory Towers?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ní Leeds la wà, ọmọ mi obìnrin ti pé mẹ́sàn-án. Mo ra ìwé Malory Towers, ìtàn àwọn ọmọbìnrin bọ́dìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un torí òun ni mo kà dàgbà n'Ílé-Ifẹ̀. Ìgbà tí mo tún un kà, ara mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sunkún ìyá rẹ̀, wọ́n á pẹ̀gàn rẹ̀; olùkọ́ Faransé, yẹ̀yẹ́ ni; ọmọ dúdú kan ò sì sí níbẹ̀. Ṣé kí n gbé e pamọ́ ni? — Ìyá Fèyí

Èsì: Ìyá Fèyí, bí ẹ gbé e pamọ́, á rí i ní láíbìrì. BBC pàápàá ti ń fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n láti 2020.

Bọ́dìn ní Ìbàdàn lèmi ti kà á. Ọdún 1946 ni Enid Blyton gbé àkọ́kọ́ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, àmọ́ bí ìwé àná ló rí lójú wa. Àsè òru tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, gààrí la fi ń ṣe tiwa lẹ́yìn tí wọ́n bá paná, ife kan ṣoṣo, ẹnì kan á máa ṣọ́ sénìọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nínú eré wa, èmi ni Darrell, ọmọ tí ìtàn náà dá lé. Èmi ni mo gbá Gwendoline létí nígbà tó tẹ Mary-Lou rì sínú omi. Ta ló fẹ́ bi mí pé Darrell ṣe dúdú? Gwendoline tiwa gan-an, ọmọ Ìjẹ̀bú ni.

Ọmọ tèmi náà fẹ́ràn ìwé yẹn ju oúnjẹ lọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣeré níléèwé, òun nìkan ló dúdú láàárín wọn. Ẹnì kan ṣe Darrell, ẹnì kan ṣe Sally, ẹnì kan ṣe Bill. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó jọ òun nínú ìwé, kó máa ṣe Thunder. Ẹ rántí Thunder? Ẹṣin Bill ni. Inú ọkọ̀ ló ti ń sọ ọ́ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín, pé òun sáré ju gbogbo wọn lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Yunifásítì ló wà báyìí, mo ṣì ń rò ó bóyá torí tèmi ló ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fìyà jẹ ọmọ o. Ìwé ni mo rà. Ṣùgbọ́n yàrá tó kún fún àwa nìkan, tí mo ní n'Íbàdàn láìmọ̀ pé mo ní nǹkan, n ò rí i rà fún un ní Manchester.

Ẹ fún un. Ẹ jọ máa kà á lálẹ́, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń fi Mam'zelle, olùkọ́ Faransé yẹn, ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ dúró díẹ̀. Ohun tí ẹ máa sọ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín. Tó bá sì ti iléèwé dé, ẹ bi í pé ta ló ṣe nínú eré.