Ta ló ni ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Òkè-Báálẹ̀ níbí ní Òṣogbo ni mò ń gbé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń kó ọkọ̀ jọ, a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó máa tẹná ká lè mọ ti ẹni tó lágbára jù. Camry Muscle 2.4 ni tèmi. Ọ̀rẹ́ mi tó ní V6 3.5, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, ń fọ́nnu pé agbára ẹṣin 268 ni tòun. Wẹ́dà kan wá ní tóun bá gé sàláńsà mi, tóun sì yọ kátálístì tó ń fọ èéfín mọ́, agbára á lé sí i. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la ṣe ń fi ẹ́ńjìnnì wéra gan-an?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú mi dùn pé ẹ ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo ohun tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ariwo kọ́ lagbára. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan, tí kò sí nínú jíà, kò gbé ẹrù kankan, epo díẹ̀ ti tó láti mú un ké. Tẹ́ ẹ bá sì ń tẹná mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì kò tíì gbóná, ẹ ń jẹ ẹ́ńjìnnì yín run ni.

James Watt, ará Scotland, ló sọ fífi ẹṣin wọn agbára ẹ́ńjìnnì di ohun tí ayé mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ ní Yúróòpù, ẹṣin kan ni agbára tó lè gbé kílò 75 sókè ní mítà kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpò sìmẹ́ńtì kan àtààbọ̀ nìyẹn. Ṣó o rí i pé àkókò wà nínú ẹ̀? Ẹ́ńjìnnì tó ń yí kíákíá lè kó ẹṣin púpọ̀ jọ bí ipá tó wà nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan kò tiẹ̀ pọ̀. Torí náà, ẹni tó bá dárúkọ iye ẹṣin fún ọ, bi í léèrè pé níbi ìyípo mélòó láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ẹṣin 158 ni 2.4 tìrẹ ní láti ilé iṣẹ́ wá, níbi ìyípo 6,000. Ta ló ń wakọ̀ dé 6,000 láti Ọlá-Ìyá sí Òkè-Fíà? Wá wo lọ́rì Mercedes 911 tó ń kó iyanrìn. Mẹ́sàn-án tó ṣáájú nínú orúkọ ẹ̀ ni tọ́ọ̀nù tí lọ́rì àti ẹrù lè wọ̀n pọ̀, 11 tó tẹ̀ lé e ni ẹṣin 110. Ìyípo bíi 2,800 péré ló sì ti ń kó gbogbo ẹ̀ jáde. Fi 7,100 sọ iye ẹṣin di púpọ̀, kó o fi iye ìyípo pín in: wàá rí bíi 187 Newton-mítà fún Camry rẹ, bíi 279 fún lọ́rì. Ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí kiránkì, irin tí písítìnì ń yí, nìyẹn, torque lorúkọ ẹ̀, òun ló ń gbé ẹrù gun òkè. Ti V6, tó ń kó ẹṣin 268 jáde níbi ìyípo 6,200, á fún ọ ní bíi 307, ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tuntun ló ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Tòkunbọ̀ lẹ ń wà, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti máa figagbága sì ni gééjì kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, èyí tó ń wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, yọ fíùsì tó ń gbé epo wá àti wáyà kọ́ìlì, tú gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, kó o wá de gééjì mọ́ ihò sílíńdà àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá, kó sì ta sítátà títí abẹ́rẹ́ kò fi ní gòkè mọ́. Bí mẹ́ta nínú sílíńdà mẹ́rin rẹ bá wà nítòsí 180 psi, tí ìkẹrin wá dúró sí 120, ẹṣin ti sá níbẹ̀. Da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú ihò yẹn, kó o tún un wọ̀n. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, ríǹgì ara písítìnì ló ti jẹ. Bí kò bá kúrò lójú kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fááfù. Mo tẹnu mọ́ ọn fún ọ ní pàtó torí pé ẹ́ńjìnnì 2.4 inú Muscle 2007 sí 2009 máa ń mu ọ́ìlì. Máa fa dípísítíkì wò lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ti wẹ́dà yẹn, má gbà fún un. Ọkọ̀ rẹ ní sẹ́ńsọ̀ kan ṣáájú kátálístì, ó ní òmíràn lẹ́yìn ẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń fi wọ́n wéra. Tó o bá yọ kátálístì, iná ẹ́ńjìnnì á tàn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ariwo á pọ̀, àwọn ará ilé yín á sì máa fa èéfín tó yẹ kó ti mọ́. Ìgbà tí kátálístì bá dí nìkan ló ń pa agbára, wàá sì mọ̀: ọkọ̀ kò ní fẹ́ sáré bó o ti wù kó o tẹná tó. Bó bá ti dí, pààrọ̀ ẹ̀.

Fowó wẹ́dà ra pọ́lọ́ọ̀gì tuntun àti fílítà afẹ́fẹ́, kó o sì ní kí ọ̀rẹ́ rẹ gbé gééjì sórí V6 tiẹ̀ náà. Kó yáa fi gbogbo ọ̀sán sílẹ̀ fún un o, torí sílíńdà mẹ́ta wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, èèyàn gbọ́dọ̀ tú íńtéèkì kúrò kọ́wọ́ tó lè dé pọ́lọ́ọ̀gì wọn.