Mo fi dpkg gbé fáìlì .deb sórí kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Ubuntu, ó ní "dependency problems". Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan kúrò. dpkg, irinṣẹ́ tó ń gbé fáìlì .deb wọlé, kì í lọ wá àwọn ohun mìíràn tí package (ètò tó wà nínú fáìlì yẹn) nílò láti ṣiṣẹ́; àìsí wọn ni "dependency problems" ń sọ. Fáìlì tí ẹ gbé lé e lọ́wọ́ nìkan ló mọ̀. Ó ti tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè parí rẹ̀. apt, irinṣẹ́ mìíràn lórí Ubuntu, ló máa ń lọ kó ìyókù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì:

sudo apt update
sudo apt --fix-broken install

Kí ẹ tó tẹ Y láti gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí "The following packages will be REMOVED", tí orúkọ ohun tí ẹ ń gbé wọlé sì wà lábẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé apt wá ohun tó kù títí, kò rí i, ó wá fẹ́ yọ tiyín dànù. Ẹ tẹ n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yà Ubuntu mìíràn ni wọ́n ṣe fáìlì yẹn fún.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lo sudo apt install ./orúkọ-fáìlì.deb. Ẹ má gbàgbé ./ yẹn o, òun ló ń jẹ́ kí apt mọ̀ pé fáìlì ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan --force-depends, tó ń sọ fún dpkg pé kó má ka ohun tó kù sí. Á gba package wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọnù ṣì sọnù síbẹ̀.