Wọ́n ní kí n yọ Cacti, ṣé kí n yọ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá. Mo ní káfè kékeré kan ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, ọmọ tó bá wa fa wáyà ló fi Cacti, sọ́fítíwià tá a fi ń wo iye dátà tó ń lọ, sí kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀rẹ́ mi ní olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ò purọ́, àmọ́ ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo version ẹ̀. 1.2.22 ní ihò kan tí ẹni tí ò ní password rárá lè gbà fi àṣẹ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà yẹn, 1.2.23 ni wọ́n fi dí i. Ṣẹ́ ẹ rí i, irú sọ́fítíwià yìí dùn mọ́ olè torí òun ló mọ gbogbo yàrá ilé, ó mọ àdírẹ́ẹ̀sì ráútà, ó sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí SNMP (ìlànà tí irú sọ́fítíwià yìí fi ń bá àwọn ráútà sọ̀rọ̀) tó fi ń bi wọ́n léèrè lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀hún, "public" ló sábà máa ń jẹ́ látilẹ̀, àṣírí wo ló wá kù níbẹ̀ jàre! Ẹ yí i padà, ẹ ṣe update, ẹ má sì jẹ́ kí Cacti yọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì, inú káfè nìkan ni kẹ́ ẹ ti máa ṣí i. Tó bá ti ń yọjú síta tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú version àtijọ́ yẹn, ẹ pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ tún un tò látìbẹ̀rẹ̀, update nìkan ò ní lé ẹni tó ti wọlé jáde.