VM mi kò gbéra mọ́ lẹ́yìn tí mo gbé e kúrò lórí VMware

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kó àwọn VM mi (kọ̀ǹpútà aláfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) kúrò lórí VMware ESXi lọ sórí Proxmox, ètò mìíràn tó ń gbé VM. Windows Server ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi qemu-img, irinṣẹ́ tó ń yí fáìlì dísìkì padà, yí dísìkì rẹ̀ láti VMDK sí qcow2, kò sí àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tan VM náà, àmì Windows yọ, ó wá di ojú búlúù: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Ṣé dísìkì ti bàjẹ́ ni? Àwọn VM Linux ṣì kù nílẹ̀, ẹ̀rù sì ti ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, dísìkì yín kò bàjẹ́. Ẹ má wulẹ̀ tún un yí padà, torí bí ẹ yí i nígbà mẹ́wàá, ojú búlúù yẹn náà lẹ máa bá.

Irú fáìlì dísìkì VM ni VMDK, VDI, VHDX àti qcow2, bí wọ́n ṣe ń to dátà sínú fáìlì ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Qemu-img kàn tú dátà kúrò nínú ọ̀kan, ó tò ó sínú èkejì, kò fọwọ́ kan Windows tó wà nínú rẹ̀. Windows yẹn ṣì rò pé orí VMware lòun wà. Níbẹ̀, LSI Logic tàbí PVSCSI (káàdì aláfarawé tó ń so dísìkì mọ́ VM) ló fi ń rí dísìkì rẹ̀. Ní Proxmox, ó jọ pé irú káàdì mìíràn, VirtIO SCSI, lẹ fún un, kò sì ní driver rẹ̀ (ètò tí Windows fi ń bá káàdì náà sọ̀rọ̀). Ẹni tí wọ́n gbé lójú oorun lọ sílé mìíràn ni: ó jí, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn níbi tí kò sí. Àmì Windows kọ́kọ́ yọ torí pé firmware (ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí ẹ̀rọ) ló ń bá a ka dísìkì nígbà yẹn. Ìgbà tó kù kí Windows fi driver tirẹ̀ kà á ni ọ̀rọ̀ dojú rú.

Ẹ pa VM náà, ẹ lọ sí Hardware, ẹ tẹ Detach lórí dísìkì, kí ẹ tún un so mọ́ SATA. Windows ní driver SATA tirẹ̀. Ẹ wo Boot Order ní Options, torí dísìkì tó ń jẹ́ scsi0 tẹ́lẹ̀ ti di sata0. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dísìkì kékeré kan kún un, 1 GB ti tó, kí ẹ so òun mọ́ VirtIO SCSI, kí ẹ sì fi ISO virtio-win (fáìlì CD tó gbé àwọn driver VirtIO fún Windows) sí ibi CD. Ẹ tan VM, ẹ fi àwọn driver inú ISO náà sí i. Bí dísìkì 1 GB yẹn bá ti hàn nínú Disk Management, iṣẹ́ ti parí: ẹ pa VM, ẹ yọ kékeré dànù, ẹ gbé dísìkì gidi padà sí SCSI, ẹ sì tún Boot Order ṣe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo dísìkì kékeré yẹn. Bí Windows kò bá rí VirtIO SCSI kankan níwájú rẹ̀, ó lè gba driver náà kó tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láì kà á mọ́ àwọn tó ń lò nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ óò tún padà síbi ojú búlúù.

Bí SATA náà bá kọ̀, ẹ ṣí fáìlì .vmx ti VM àtijọ́. Bí firmware = "efi" bá wà níbẹ̀, OVMF (firmware irú UEFI) lẹ máa yàn ní Proxmox; bí kò bá sí, SeaBIOS (irú BIOS àtijọ́) ni. Àwọn tó ń lọ sí Hyper-V ti Microsoft náà kò bọ́ lọ́wọ́ èyí: Generation 1 ń lo BIOS, Generation 2 ń lo UEFI, VHDX nìkan ló sì ń gbà.

Linux rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. VirtIO ti wà nínú kernel (ọkàn Linux) tipẹ́, àmọ́ ìdílé Red Hat máa ń kó kìkì driver tí ẹ̀rọ náà ń lò lọ́wọ́ sínú initramfs, àkójọ kékeré tí Linux kọ́kọ́ ń kà nígbà tó bá ń gbéra. Kí ẹ tó gbéra níbi VMware, ẹ pàṣẹ dracut --force --no-hostonly. Ẹ yẹ /etc/fstab, fáìlì tó ń to àwọn dísìkì tí Linux máa so, wò pẹ̀lú: bí /dev/sda bá wà níbẹ̀, ẹ fi UUID (àmì ìdánimọ̀ tí kì í yí bí orúkọ dísìkì bá yí) rọ́pò rẹ̀. Orúkọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì náà á yí, bóyá láti ens192 sí ens18, IP tí ẹ tò fún orúkọ àtijọ́ kò sì ní ṣiṣẹ́. Nítorí náà, console (ojú VM náà nínú Proxmox) lẹ máa kọ́kọ́ gbà wọlé, kì í ṣe SSH tó ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì.

Fún àwọn tó kù, ẹ yọ VMware Tools (àwọn irinṣẹ́ VMware tó wà nínú VM) kúrò nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí VMware, torí ó máa ń ṣagídí láti kúrò bí ẹ bá ti gbéra tán. Ẹ pa VM pátápátá. Bí ẹ bá rí fáìlì tó parí sí -000001.vmdk, snapshot (ipò VM tí ẹ tọ́jú ní àkókò kan) wà nílẹ̀ nìyẹn. Láti inú ESXi ni kí ẹ ti pa snapshot náà rẹ́ kó lè dà pọ̀ mọ́ dísìkì ìpìlẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín pa fáìlì rẹ̀ rẹ́ o. Bí ẹ bá yí ìpìlẹ̀ nìkan, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ya snapshot ti lọ. Ẹ rántí pé fáìlì méjì ni VMDK lórí ESXi: kékeré tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, àti -flat.vmdk tó gbé dátà. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kékeré lẹ máa fún qemu-img.

Ẹ fi VM àtijọ́ sílẹ̀ títí tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ dáadáa, kó ṣáà wà ní pípa. Bí ẹ bá tan méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti to IP fún tuntun, IP kan náà ni wọ́n máa jọ du lórí nẹ́tíwọ̀kì.