Ṣé méyọ̀ abúlé lè so tọkọtaya pọ̀ nílẹ̀ Faransé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mọ́níyà ni mo ti ń kọ̀wé, èlùbọ́ ni mò ń tà. Ọmọbìnrin mi tó wà nílẹ̀ Faransé fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin ibẹ̀, kì í sì í ṣe Paris o, abúlé kan lẹ́bàá Aubusson ni, ó ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tó igba. Ó ní méyọ̀ abúlé yẹn ló máa so àwọn pọ̀ kí pásítọ̀ tó gbàdúrà. Mo wá rí "arrondissement d'Aubusson" lórí ìwé kan tó fi hàn mí, àbúrò mi ní ìyẹn gan-an ni káńsù wọn, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ, pé kí ni méyọ̀ igba èèyàn fẹ́ ṣe. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. — Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ. Òótọ́ lọmọ yín sọ, méyọ̀ abúlé yẹn gan-an lòfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tó ṣi àbúrò yín lọ́nà. Ní Mọ́níyà yín níbẹ̀ lọ́fíìsì káńsù Akínyẹlé wà, àìmọye abúlé ló wà lábẹ́ ẹ̀, alága kan ṣoṣo ló sì ní gbogbo wọn. Káńsù 774 péré ni Nàìjíríà ní. Lọ́dọ̀ tiwọn, látìgbà rògbòdìyàn ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní 1789 ni abúlé kọ̀ọ̀kan ti ní káńsù tiẹ̀, commune ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35,000. Ará abúlé á dìbò yan káńsílọ̀, àwọn káńsílọ̀ á yan méyọ̀ láàrin ara wọn, ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni.

Arrondissement kì í ṣe káńsù ní tiẹ̀, ẹkùn tí ìjọba pín fún àkóso ni, ẹnì kankan ò dìbò fún un. Àwọn àgbà Ìbàdàn tó bá ayé òyìnbó á rántí Résídẹ́ǹtì, òyìnbó tí ìjọba fi ṣe olórí ẹkùn, àti D.O. tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ fi wé ìyẹn: préfet wà ní Guéret tí í ṣe olú ìlú Creuse, ìyẹn ẹkùn ńlá tí Aubusson wà nínú ẹ̀, sous-préfet wà ní Aubusson, ìjọba ló rán àwọn méjèèjì wá. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ọmọ yín, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni. Ìgbéyàwó, ìbí àti ikú, ti méyọ̀ ni.

Pásítọ̀ ò sì gbọdọ̀ so wọ́n pọ̀ ṣáájú, òfin wọn kà á léèwọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ lẹ orúkọ àwọn méjèèjì síta ní mairie, ìyẹn ọ́fíìsì méyọ̀, fún ọjọ́ 10, kẹ́ni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ lè jáde sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà méyọ̀ á gbé ọ̀já aláwọ̀ búlúù, funfun àti pupa kọ́ èjìká, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí torí ojútáyé ni wọ́n ń ṣe é, ẹlẹ́rìí á jẹ́ méjì sí mẹ́rin. Kí ọmọ yín tètè béèrè ọjọ́ tí mairie ń ṣí o, ní irú abúlé bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà ṣí lójoojúmọ́.

Ẹ má jẹ́ kí kékeré abúlé yẹn bà yín nínú jẹ́. Ní 1851 èèyàn Creuse lé ní 280,000, lónìí kò ju bíi 115,000 lọ, torí iṣẹ́ bíríkìlà làwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń bá lọ sí Paris, nígbà tó yá ọ̀pọ̀ ò padà mọ́. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ò kú níbẹ̀. Bí Ìṣẹ́yìn ṣe jẹ́ sí aṣọ òkè ni Aubusson jẹ́ sí aṣọ ara ògiri tí wọ́n ń fi irun àgùntàn hun, UNESCO pàápàá, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2009. Ẹ̀yìn aṣọ lahunṣọ ń kọjú sí ní gbogbo àkókò tó fi ń hun ún, ọjọ́ tí wọ́n bá gé e kúrò lórí òfì ló ń tó rójú ẹ̀ délẹ̀. Tí físà bá bọ́ sí i, ẹ̀yin fúnra yín lè wà lára àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn béèrè bóyá ẹ máa nílò ògbufọ̀, kí ẹ sì gbé ojúlówó aṣọ òkè dání fún ìyá ọkọ, wọ́n á mọyì ẹ̀ níbẹ̀ yẹn.